Gáàsì Tí Bàbá Mi Kò Tú Dànù

Òórùn ọ́ìlì tó jóná àti ti ẹja dídì tó ti wọ ara fíríìjì lọ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá ti ilé ìwé dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ajangbadi. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Abẹ́òkúta ló ti ń tún fíríìjì ṣe. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé etí lé fíríìjì, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ gáàsì, á pe oníbàárà súnmọ́ tòsí, á ṣí páìpù, gáàsì àtijọ́ á sì máa dún ṣíìì jáde lójú gbogbo ènìyàn. Ìgbà yẹn ni oníbàárà máa tó gbà pé tuntun ni wọ́n fẹ́ fi sí i, pé wọn ò kàn bu díẹ̀ lé ti tẹ́lẹ̀. Láti Ìbà títí dé Okokomaiko, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, òun ni wọ́n sì fi ń mọ olóòótọ́.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ fíríìjì sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ìjọba àgbáyé, tiwa náà wà níbẹ̀, ti fọwọ́ sí ìwé pé gáàsì yẹn ń jẹ ohun tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn lókè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u sí afẹ́fẹ́ mọ́, inú sìlíńdà ni kí wọ́n máa fà á sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ń gùn mí bí ẹṣin, èmi ni mo ń ka ìwé náà fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ọ̀run mà tóbi. Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti ní oòrùn máa ba ojú àti awọ ara àwọn ọmọ wa jẹ́, ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀.

“Tí gbogbo ìjọba bá ti jọ ṣàdéhùn, tèmi náà wà nínú ẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, gáàsì kò dún mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Ìyàwó sójà kan wà tó ń ta ẹja dídì nínú bárékè Ọ̀jọ́. Bàbá mi tún fírísà rẹ̀ ṣe, ó sì fi gáàsì tuntun sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí iná lọ fún ọjọ́ púpọ̀, gbogbo ẹja obìnrin náà sì jẹrà. Ó wá bá wa ní ọ̀sán Sátidé. Kò pariwo, ẹkún ló ń sun.

“Bàbá, n ò gbọ́ kí gáàsì dún. Ẹ ò pààrọ̀ ẹ̀ fún mi.”

Èrò ti pé. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ojú ọ̀run, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin kan ní, “Baba, so na sky chop the gas?” Ẹ̀rín bú. Bàbá mi wá yíjú sí mi.

“Ìwọ lo kà á. Ṣàlàyé fún wọn.”

Àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì dúró láàárín èrò náà. Mo mọ ìwé náà látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí pé bàbá mi ni wọ́n ń pè lólè. Mo wolẹ̀. Mo ní, “Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀ o, Bàbá.”

Ó wò mí títí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí bárékè. Àwọn oníbàárà sọdá sí òdìkejì títì, níbi tí gáàsì ti ń dún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa tú u bíi tàtijọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kí ọdún tó parí, ó ta irinṣẹ́ rẹ̀, ó padà sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì kú sí lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kò bi mí rí nípa ọjọ́ Sátidé yẹn. Ì bá bi mí, ì bá tiẹ̀ nà mí.

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ lórí rédíò pé ibi tí gáàsì jẹ lójú ọ̀run ti ń jinná, wọ́n sì ń yin àwọn ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé. Mo pa rédíò náà, mo jókòó sí kíṣìnnì, mo sì sunkún. Ó yẹ kí wọ́n yìn wọ́n, n ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, olúkúlùkù wọn ló ní ẹlẹ́rìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni bàbá mi ní ní Ajangbadi, mo sì ní n ò mọ̀ nípa ẹ̀.