Kíláàsì Abẹ́ Fèrèsé Tíṣà Olúsànyà

Tíṣà Olúsànyà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í jalè, kì í mutí, kò sì jẹ́ pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: bó bá ti la ẹnu, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó pa á dé. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ̀yìn tì nípò igbákejì ọ̀gá àgbà, ipò tí kò gbà títí dòní pé ó tó òun. Láti ìgbà náà ló ti ń wá kíláàsì mìíràn káàkiri àdúgbò Àrẹ̀mọ. Ẹni tó bá ṣèèṣì kí i pé ẹ káàárọ̀, ìtàn bí ìkíni ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé ni yóò fi dá a lóhùn.

Àwọn ará àdúgbò náà ti kọ́gbọ́n. Gàfárù ọlọ́kadà kì í pa ẹ́ńjìnnì bó bá gbé e dé láti Ọjà'ba. Tíṣà á fi ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀, kó tó gbé ìkejì sọ̀ kalẹ̀ tán, Gàfárù ti ń fọn fèrè lọ. Muhydeen télọ̀ nìkan ni kò rí ibi sá sí, nítorí abẹ́ fèrèsé ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì Tíṣà gan-an ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Ohun tí òun máa ń ṣe ni pé, bó bá ti gbúròó bàtà lórí àtẹ̀gùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í wa máṣíìnì kíkankíkan, bí kò tilẹ̀ sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ohun tó sọ Tíṣà di oníwáífáì ni ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ. Nígbà tí òjò ń da ìpàdé ìrọ̀lẹ́ rú, wọ́n gbé e lọ sórí fóònù, kí kálukú máa sọ̀rọ̀ láti ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pinnu bóyá ọ̀dà funfun ni wọn yóò fi kun ṣọ́ọ̀ṣì tàbí búlúù, Tíṣà ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní abala mẹ́rin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lórí ìtàn ògiri láti ayé Nehemáyà ni dátà bá tán lórí fóònù rẹ̀. Kó tó ra òmíràn, wọ́n ti dìbò, wọ́n ti gbàdúrà ìkẹyìn, kálukú ti lọ jẹun.

Tíṣà gbà pé ọ̀tẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀, Adéyẹ́misí, tó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹun kí òun náà tó fẹ̀yìn tì, sọ pé dátà ló tán. Tíṣà ní òun mọ ọ̀tẹ̀ bí òun bá rí i.

Ní ọjọ́ kejì, ó gba Bẹẹrẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mujeebat, obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe tó sì ń ta ẹ̀rọ wáífáì. Mujeebat ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó sì ní òṣìṣẹ́ méjì lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó ní kíláàsì Tíṣà rí, ó sì ti ṣi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kọ níbẹ̀. Lójú Tíṣà, orí àṣìkọ yẹn náà ló ṣì wà.

Mujeebat bá a mú ẹ̀rọ funfun kékeré kan tó ń lo síìmù, ó ní òun yóò wá tò ó fún wọn nílé. Tíṣà ní kò pọn dandan. Mujeebat wá fi ẹ̀sọ̀ sọ ohun méjì fún un. Àkọ́kọ́, páswọ́ọ̀dù kan wà tí ènìyàn fi ń wọ inú ètò ẹ̀rọ náà. Èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, kó yí i padà lójú ẹsẹ̀. Èkejì, páswọ́ọ̀dù tí àwọn fóònù fi ń so mọ́ ọn, kó jẹ́ kó gùn, kó má sì fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe é.

“Mujeebat,” ni Tíṣà wí, “àwọn ìwé tí mo ti kà nípọn ju bébà inú páálí yìí lọ. Èmi ni mo kọ́ ẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Mujeebat wí, ó sì dì í sínú ọ̀rá fún un.

Àárọ̀ Sátidé ni Tíṣà dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì. Bébà ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí ibi gíga tí nǹkan kò ti dí i lọ́nà, ó bá gbé e sójú fèrèsé iwájú, ó sì ṣí fèrèsé náà gbayawu, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé e. Nígbà tó dé ibi ètò inú ẹ̀rọ, ó rí i pé wọ́n ti kọ “admin” síbẹ̀. Ó rò pé alákòóso ni wọ́n fi òun jẹ. Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí, inú rẹ̀ dùn, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí ẹ̀rọ bi í pé orúkọ wo ni kó máa yọ lójú fóònù àwọn ènìyàn, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú oyè tó gbà ní yunifásítì.

Ó wá ku páswọ́ọ̀dù. Tíṣà kò lè kọ nǹkan sílẹ̀ kó má pè é síta. Bí ènìyàn bá ti pe díkítéṣọ̀n fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ohùn tó fi máa ń kan ògiri ẹ̀yìn kíláàsì ló fi ń pè é: O ńlá, L kékeré, U kékeré, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí orúkọ fi pé. Ó wá kan ọdún tó gboyè. Ọ̀kan. Mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ. Ọ̀kan. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ tó mọṣẹ́ ń pe díkítéṣọ̀n, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nísàlẹ̀, Muhydeen ti dá máṣíìnì dúró. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, ó kọ gbogbo rẹ̀ sára ṣòkòtò oníbàárà kan, ó sì fi ìpè kejì yẹ ara rẹ̀ wò. Nínú gbogbo ẹni tí Tíṣà ti ń pe díkítéṣọ̀n fún láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò dájú pé ẹnì kan gbà á láìṣì í kọ rí, àfi Muhydeen.

Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, nǹkan ti yí padà ní abẹ́ fèrèsé. Ènìyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Ní Túsìdeè, wọ́n di mẹ́wàá. Wọ́n kí Tíṣà, wọ́n fi ìdọ̀bálẹ̀ kún un. Gàfárù, tí kì í pa ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé ọ̀kadà tì, ó jókòó lé e lórí. Tíṣà dán ọ̀rọ̀ kan wò lórí bí àìmọ gírámà ṣe ń ba ìlú jẹ́. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó sọ ọ́ di wákàtí kan. Wọ́n tẹrí ba, ojú wọn wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ọwọ́ wọn, wọ́n ń mi orí. Tíṣà rí fóònù lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Ó ní bí ayé ṣe ń lọ nìyẹn, orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ nóòtì báyìí.

Láti ọjọ́ náà, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò gbọ́dọ̀ bá a lórí ìjókòó. Á dúró sójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, á máa kọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Karimat, tó ń ta léèsì fún àwọn ará Èkó lórí fóònù, máa ń na fóònù rẹ̀ sókè nígbà mìíràn. Tíṣà gbà pé ó ń gba ohùn òun sílẹ̀, á sì rọra tún táì ṣe. Lọ́jọ́ kan tó dé kókó kẹta nínú ọ̀rọ̀ lórí àmì ìdánudúró, Gàfárù ṣàdédé lu itan rẹ̀ pàá, ó ní, “Ó wọlé!” Tíṣà padà tún kókó náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ni, kò tíì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ ẹnikẹ́ni lára tó bẹ́ẹ̀.

Ó rán káfíńtà kan ní Kúdẹtì kó kan bẹ́ǹṣì méjì wá fún wọn. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lórí oúnjẹ pé àwọn tó ń bú ìran òde òní kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé ẹni tó bá ní ohun gidi láti fún wọn, wọn yóò wá a wá. Adéyẹ́misí wò ó lójú, ó ní òótọ́ ni, ó bu ọbẹ̀ kún un fún un.

Dátà tí wọ́n ní yóò lo oṣù kan tán ní ọjọ́ kẹsàn-án. Tíṣà ra òmíràn, ìyẹn lo ọjọ́ márùn-ún. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù, ó kọ́ obìnrin tó gbé e ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣèèṣì àti olè jíjà, títí obìnrin náà fi já fóònù. Ó tún ra dátà. Ní Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, ó wà láàárín gbólóhùn kan ni iná kékeré ara ẹ̀rọ náà pọ́n. Kí ó tó fi ọ̀rọ̀ ìṣe sí gbólóhùn ọ̀hún, gbogbo kíláàsì ti dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n lu agogo. Wọ́n gbọn ẹ̀yìn aṣọ wọn, wọ́n lọ. Tíṣà sùn pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, ó ń ronú gbólóhùn tó sọ tó lè bí wọn nínú.

Ọjọ́ kejì ló gbéra lọ bá Mujeebat, ó ní ẹ̀rọ tó tà fún òun ń jẹ dátà. Mujeebat kò bá a jiyàn. Ó pa ṣọ́ọ̀bù tì, ó bá a wálé. Àtẹ̀gùn ni kò tíì gùn tó fi fa fóònù rẹ̀ yọ, tó tẹ “admin” tí Tíṣà kò yí padà lẹ́ẹ̀mejì, tó sì wọ inú ẹ̀rọ náà lọ gbọnrangandan.

“Fóònù mélòó lẹ ní, sà?” ló bi í nígbà tí wọ́n dé òkè.

Tíṣà ní ọ̀kan, ti ìyàwó òun náà ọ̀kan.

Mujeebat na fóònù sí i. Orúkọ mẹ́tàlélógún ló tò síbẹ̀. Tíṣà wọ gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ka rẹ́jísítà láàárọ̀. Muhydeen Fáṣọ̀n. Karimat Léèsì. Gàfárù Ọlọ́kadà. Tẹlifíṣọ̀n kan wà níbẹ̀ pàápàá, tó jẹ́ ti ilé tó kọjú sí wọn, tó sì tóbi ju tiẹ̀ lọ. Bó ṣe ń kà á lọ ni ohùn rẹ̀ ń relẹ̀. Nígbà tó kà dé ìdajì, ó ti yé e: gbogbo kíláàsì rẹ̀ ló pé síbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó pa jẹ.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó bi í bóyá ó mọ̀.

“Mo mọ̀,” ni Adéyẹ́misí wí. “Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ni mo fi dá nìkan gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, Bàbá Jemima. Mo ní kí n sinmi díẹ̀.”

Mujeebat fi orí sínú fóònù kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Tíṣà jókòó. Ó jẹ́ kó yí páswọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ padà, ó sì jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan ṣe ti wáífáì. Tíṣà la ẹnu láti pe èyí àkọ́kọ́. Mujeebat gbé ìka lé ètè. “Ẹ fi ojú kà á, sà.” Ó gbé ẹ̀rọ náà kúrò lójú fèrèsé lọ sí àárín ilé. Ó tún fi hàn án pé ẹ̀rọ náà ní ọ̀nà mìíràn fún àlejò, tí ènìyàn lè ṣí kó sì tì í nígbà tó bá wù ú, tí ó sì lè fi òdiwọ̀n sí i kí àlejò má bàa jẹ oúnjẹ onílé tán. Tíṣà ní òun kò ní àlejò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n wá, wọ́n tẹ fóònù, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n wo òkè. Tíṣà dúró sójú fèrèsé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Kí ó tó parí ìkíni, abẹ́ ògiri ti dá páro. Lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ kan ló sùn sórí bẹ́ǹṣì. Gàfárù gbé Tíṣà dé láti Ọjà'ba, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún. Máṣíìnì Muhydeen kò sinmi láti àárọ̀ dalẹ́. Tíṣà fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ohun tí ìtìjú jẹ́ nínú ìtàn ọmọ ènìyàn. Ní ọjọ́ karùn-ún, Adéyẹ́misí ló bá a wá bàtà rẹ̀, ó ní kó lọ sí Bẹẹrẹ.

Ó dé ọ̀dọ̀ Mujeebat, ó yí ọ̀rọ̀ po títí, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ nípa ọ̀nà àlejò yẹn ni, nítorí ìmọ̀. Mujeebat fi hàn án láìbi í ní nǹkan kan.

Ètò tó ṣe nìyí: agogo mẹ́rin ni kíláàsì, páswọ́ọ̀dù àlejò yóò máa yí padà lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ ni yóò sì pè é. Àwọn ará àdúgbò kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rán Muhydeen sí i kó bá wọn ná an. Tíṣà ní ogójì ìṣẹ́jú. Muhydeen ní márùn-ún. Tíṣà sọ pé kò sí ẹ̀kọ́ tó ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún wọlé. Muhydeen ní kò sí fídíò bọ́ọ̀lù tó ń fi ogójì ìṣẹ́jú dúró deni. Wọ́n fi í sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì bọwọ́.

Báyìí ló di pé Tíṣà Olúsànyà, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ènìyàn ṣe ń parí ọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń rí sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lè dé kókó kejì. Ilẹ̀ abẹ́ fèrèsé kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ Mápó pàápàá ń wá.

Lọ́jọ́ kan ni àlùfáà ìjọ wọn kọjá, ẹni tó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́rin ní ń wá sí kíláàsì Bíbélì rẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó rí àwọn Mùsùlùmí, àwọn Krìsìtẹ́nì, àgbà, èwe, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́sẹ̀ Tíṣà Olúsànyà. Ẹnu yà á. Ó bi Tíṣà pé ọgbọ́n wo ló ń dá sí i.

Tíṣà tún táì rẹ̀ ṣe. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́ rárá.

“Bí ẹ̀kọ́ bá ti jinlẹ̀, sà,” ló wí, “àwọn ènìyàn á wá a wá fúnra wọn.”

Nísàlẹ̀, Muhydeen wúkọ́, ó na fóònù rẹ̀ sókè, ó fi ìka kan tọ́ka sí aago tó wà lójú rẹ̀.

“Tíṣà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.”

Tíṣà ní òun ti rí i. Ó fo kókó kejì àti ìkẹta, ó gba ìparí lọ.