Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Fọ́ọ̀mù Ìjọba

Ìjọba tí èmi mọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, méjì péré ni. Èkíní ni wolé-wolé, tó máa ń wọ agbo ilé wa ní Múṣin láàárọ̀ láti yọjú sínú ìkòkò omi wa, bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Èkejì ni agbowó-orí. Bí wọ́n bá ti gbúròó tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, gbogbo ọkùnrin ilé á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí héédímásítà pè mí síta, tó ní ìjọba fẹ́ san owó sẹ́kọ́ńdìrì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, owó ìwé, owó oúnjẹ, títí kan bẹ́ẹ̀dì tí n ó máa sùn lé, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo tiẹ̀ bínú. Inú mi kì í pẹ́ẹ́ bí, ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín.

Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti yege nínú ìdánwò sikọ́láṣípù tí ìjọba ṣe fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lágbára. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí bàbá mi mú mi lọ sí ọ́fíìsì kan ní Yábàá, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bí ìyẹn bá bọ́ sí i, mo di ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Bí kò bá bọ́ sí i, ìyá mi ti bá obìnrin kan tó ń ránṣọ ní òpópónà kejì sọ̀rọ̀, ọdún mẹ́rin ni n ó fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi tí mi ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìgún ara mi!

Tìmùtìmù ni bàbá mi ń rán. Òwú àràbà ló máa ń kì sínú wọn, òwú ọ̀hún á sì bà sí wa lórí, á bà sí ọbẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ kò sóhun tó lè mú un ráhùn. Bí ẹ bá bá a tí ebi ń pa á, tí ẹ bi í pé báwo ni nǹkan, á ní, "A dúpẹ́, ó ń lọ dáadáa." Ó gbà pé ohun téèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀, òun náà ló máa dà. Bí ọ̀kan nínú àwa ọmọ bá ní ebi ń pa òun kú, á fò dìde: "Ta ló ń kú? Sọ pé o fẹ́ jẹun!"

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí à ń lọ sí Yábàá. Onílé wa yá bàbá mi ní agbádá àlàárì. Ẹnì kan yá a ní fìlà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé bàtà wá. Èmi náà, wọ́n fi iyùn aládùúgbò sí mi lọ́rùn. Ìyá mi ń tún ọrùn agbádá ṣe, ó ń sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, pé a kì í fi àkísà lọ síwájú ìjọba. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rántí pé torí pé a ò ní la ṣe ń lọ. Èmi pàápàá ò rántí. Mo ń wo ara mi nínú dígí.

Ẹsẹ̀ la fi rìn, a gba Ojúẹlẹ́gba. Bàbá mi fi bàtà yẹn há abíyá títí a fi dé ẹnu géètì kó tó wọ̀ ọ́.

Háà, ọ́fíìsì yẹn! Mo ti dé ilé ńláńlá lẹ́yìn ìgbà náà, ìyẹn ò kúrò lójú mi. Fáànù ń yí lókè àjà láìsí ẹni tó ń fà á. Obìnrin kan jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, obìnrin dúdú bíi ti ìyá mi, ó ń bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ, kò tiẹ̀ wo ọwọ́ ọ̀hún! Ẹnu mi là sílẹ̀ gbàgà. Fáìlì tò láti ilẹ̀ kan àjà. Mo bi bàbá mi wúyẹ́wúyẹ́ pé kí ló wà nínú wọn.

"Orúkọ àwọn ọmọ," ó wí.

Kò mọ̀, àmọ́ mo gbà á gbọ́. Mo wá ń rò ó pé ọmọ alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, ọmọ aláró wà níbẹ̀, tí ẹni tí kò mọ ìyá wọn, tí kò mọ bàbá wọn, jókòó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè kàwé. Orí mi wú. Mo fẹ́ wà nínú fáìlì yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ ohunkóhun rí lọ.

Akọ̀wé tó pè wá wá sídìí tábìlì rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì. Ó wo agbádá bàbá mi láti òkè délẹ̀ kó tó ní ká jókòó.

"Bàbá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ọmọ wà, a dúpẹ́." A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé ọlọ́mọ wá máa kà á fún àlejò ni?

"Iṣẹ́ yín ńkọ́? Ṣé owó ń wọlé?"

"Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Alihamudulilahi."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"À ń jẹ, à ń yó, ó tún ń ṣẹ́kù."

Ọwọ́ akọ̀wé ni mò ń wò. Gbogbo ọpẹ́ tí bàbá mi ń dá ló ń kọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé kálámù rẹ̀ lélẹ̀.

"Bàbá, mo bá yín yọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ aláìní ni ìjọba fẹ́ san owó yìí fún. Ọmọ Yorùbá lèmi náà, bàbá tèmi kì í ráhùn. Àmọ́ ìwé yìí ò gbọ́ 'a dúpẹ́'. Ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu ara yín sọ ọ́, kí n kọ ọ́, kẹ́ ẹ tẹ̀ka sí i, pé aláìní ni yín."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Bàbá mi ti dìde. "Kí n fọwọ́ ara mi tẹ òṣì?"

"Ẹni tó bá dákẹ́, Bàbá, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ó ti dé ẹnu mi. Mo fẹ́ ké pé onílé ló ni agbádá, pé gààrì la mu lánàá, òun náà la mu níjẹta. Àmọ́ ọmọ wo ló máa já bàbá rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò? Mo gé ètè mi jẹ. Kí n má purọ́, inú bí mi sí i dọ́ba. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò lè sọ ọ́! Ni omi bá ń dà lójú mi pòròpòrò, mi ò sì nù ún.

Bàbá mi wò mí. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà, ó gbé e lé tábìlì, ó jókòó.

"Fìlà yìí kì í ṣe tèmi," ó ní. "Agbádá kì í ṣe tèmi. Iyùn ọrùn ọmọ yìí, aládùúgbò ló ni ín. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Méjì ti kú." "Aláìní ni mí."

Kò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin ìdí ẹ̀rọ dáwọ́ dúró. Akọ̀wé ò lè gbójú sókè, ó kàn ń kọ ọ́ lọ. Èmi tí mo ti ń la ẹnu wo fáànù láti àárọ̀, mo yíjú, mo ń wo bàbá mi, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé èèyàn lè lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó.

Ó tẹ̀ka. Nígbà tí a jáde, ó yà sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi omi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu ú dà nù. Ojúẹlẹ́gba la dé kó tó yíjú sí mi.

"Ohun tí mo sọ níbẹ̀ yẹn," ó ní, "o ò gbọ́."

"Mi ò gbọ́, Bàbá."

Lẹ́tà dé kó tó pé oṣù méjì. Mo lọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ìjọba, mo fọwọ́ kan ìwé tuntun, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí rí. Mo máa ń jí láàárọ̀, kí n máa rò pé wọ́n ṣì máa wá sọ pé àṣìṣe ni.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni pé ọdọọdún ni fọ́ọ̀mù ọ̀hún ń padà wá. Bí ọdún bá ti yípo, bàbá gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́ kí n gbé e lọ sílé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bàbá mi ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pa abẹ́rẹ́ tì, ó jókòó tì mí.

"Kà á fún mi. Kí ni wọ́n ní kí n sọ?"

Mo wo ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ gbagidi, kò kúrò.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀ka sí i pé ọlọ́mọ ni yín."

Ó bẹjú wo ìwé náà. "Èyí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Wọ́n ti yọ ọ́, Bàbá."

Ó wò mí bó ṣe wò mí ní Yábàá. Kò kàwé rí, àmọ́ òun ló bí mi, ó mọ ìgbà tí mo bá ń purọ́.

"Ìjọba yìí ti ń gbọ́n," ó ní, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi kí n bá a fi tàdáwà sí i.