Ẹsẹ̀ Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nì

Ọ̀nì ló dá ìjà náà sílẹ̀. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà tí obìnrin kan láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbé aṣọ funfun gbọọrọ kan wá sí ilé ìwé wa ní Bàrígà. Ó ní kí gbogbo wa jọ ya ẹranko sí i, pé àwọn máa gbé e kọ́ kí aráyé wá wò ó. Wọ́n bu ọ̀dà sínú agolo mílíìkì, wọ́n fún wa ní búrọ́ọ̀ṣì. Èmi ya ẹṣin. Ọmọbìnrin Ìlàjẹ tó jókòó tì mí ya ọ̀nì tó gbé ẹsẹ̀ ènìyàn há ẹnu.

"Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?" mo bi í.

"Ti bàbá mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní òpùrọ́ ni gbogbo ará etí omi. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà dúdú, mo sì fi pa ẹsẹ̀ náà rẹ́.

Kí n tó gbójú sókè, ó ti fi agolo gbá mi níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀dà pupa jọ ń ṣàn wọ̀ mí lójú, n kò mọ èwo ni èwo. Mo fò mọ́ ọn, mo gé e jẹ létí, n kò sì tú u sílẹ̀ títí ó fi ń ké bí ewúrẹ́. Làwọn ọmọ Ìlàjẹ bá dà bò wá. A ń fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì gún ara wa, a ń fa ara wa láṣọ, aṣọ funfun náà fàya lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́!" ni obìnrin náà ń wí títí tíṣà wa fi mú pàṣán dé. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Ó nà wá títí ẹ̀yìn wa fi bó.

Nígbà tí ìyá mi rí orí mi, ó wọ́ mi lọ sí àdúgbò àwọn Ìlàjẹ létí ọ̀sà, ó so ìró mọ́ra gírígírí.

"Ta ló bí ọmọ tó fẹ́ pa mí lọ́mọ?"

Ọkùnrin kan fi igi méjì tilẹ̀ jáde láàárín àwọ̀n tí wọ́n sá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò kọjá orúnkún.

"Èmi ni, ìyá. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọ̀nì tó gé mi lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ní ọmọ mi tìtorí ẹ̀ jà."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Kí lo ṣe fún un?"

N kò tíì sọ ọ́ tán tí ìgbájú fi dé, òmíràn tẹ̀ lé e, ó gbé mi ṣubú sínú iyanrìn, ó ń lù mí lọ. Ọkùnrin náà ló gbà mí sílẹ̀, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àkísà di etí, ó ń wò wá.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ ọmọbìnrin náà. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Ojú ọ̀nà ilé ni ìtìjú ti bá mi.

Obìnrin ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà kò padà wá mọ́. Tíṣà ya apá ibi tí a kò tíì kùn lára aṣọ náà, ó ń fi nu bọ́ọ̀dù.