Ọwọ́ Wo Ló Kan Bọ́ọ̀lù Náà?

Douala ní Kamẹrúùnù ni wọ́n bí Yẹ̀kínnì sí, àmọ́ Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti wá ta aṣọ ní àdúgbò Akwa níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ló lọ, ó di olùkọ́ eré ìdárayá, ó sì fọn fèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó máa jókòó sórí àga, kó máa wo àwọn rẹfirí tó kù, kó sì máa fún wọn ní máàkì. Rẹfirí tó bá gba máàkì rere á gòkè. Èyí tí kò bá rí i gbà lè lo ọdún kan gbáko láìrí eré darí.

Yẹ̀kínnì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bó bá ti dé pápá, kì í fi bẹ́ẹ̀ wo bọ́ọ̀lù mọ́. Rẹfirí ló ń wò: ibi tó dúró sí, bó ṣe ń sáré, bó ṣe ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù tínú ń bí sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ ogun Kamẹrúùnù àti ti Nàìjíríà ti ń yìnbọn síra wọn ní Bàkásì, lórí ilẹ̀ tí wọ́n jọ ń dù. Òun ni rédíò ń sọ láàárọ̀, òun náà ló ń sọ nírọ̀lẹ́. Ọlọ́pàá á dá takisí dúró ní Akwa, wọ́n á ní kí Yẹ̀kínnì sọ̀ kalẹ̀, kó mú ìwé ìgbélùú rẹ̀ wá, nínú ìlú tí wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀. Lórí pápá pàápàá, ó ti ń rí i pé àwọn èèyàn ń wo òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n rán an lọ wo ọ̀dọ́mọkùnrin rẹfirí kan tó ń jẹ́ Boris. Ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò Youpwè ló ń gbàlejò ẹgbẹ́ kan láti òdìkejì ìlú. Boris ṣe dáadáa. Ó ń sáré, kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, inú Yẹ̀kínnì sì dùn sí i. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, wọn ò tíì borí ara wọn, ni àlejò kan bá gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé Youpwè. Ó ba Steve, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún Youpwè, lára. Boris fọn fèrè, ó ní ọwọ́ ló fi kan bọ́ọ̀lù, ó nawọ́ sí ojú àmì: pẹ́náritì. Àlejò gbá a wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni Youpwè ṣe pàdánù.

Ariwo sọ. Yẹ̀kínnì jókòó, ó ń bi ara rẹ̀ ní ohun tó rí. Ó dá a lójú pé òun rí apá kan tó gbéra sókè. Àbí apá Boris tó gbé fèrè sẹ́nu lòun rí?

Jacques, olórí ẹgbẹ́ Youpwè, wá bá a lórí àga. "Ọ̀gá, àyà ni bọ́ọ̀lù yẹn bà. Ẹ̀yin náà rí i." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò mi ń jagun ní Bàkásì. Àwọn èèyàn wa ń sọ pé ẹ máa gbè sẹ́yìn rẹfirí yìí kí ẹ lè fìyà jẹ wá, nítorí ibi tẹ́ ẹ ti wá. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

Yẹ̀kínnì lọ bá Boris nínú yàrá tó ti ń pààrọ̀ aṣọ. "Sọ ohun tó o rí fún mi."

Boris ń tú okùn bàtà rẹ̀. "Pápà, n ò rí i dáadáa. Ẹnì kan dí mi lójú. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀lù ba ẹran ara, mo wá wo ojú Steve. Ojú ẹni tó jẹ̀bi ni."

"Ojú lo wò tó o fi fọn fèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pápà."

Bí Yẹ̀kínnì ṣe ń wá takisí lẹ́nu ọ̀nà, Steve fúnra rẹ̀ kọjá. Ó sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. "Ọwọ́ mi ni. Ẹ má sọ fún Jacques." Ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń sọ ọ́, Yẹ̀kínnì ò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni àbí ọmọ náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Rọ̀kíbátù ìyàwó rẹ̀ tó ń yan ẹja.

"Ọwọ́ wo ló kan bọ́ọ̀lù, Bàbá Tinúadé?"

"Òsì." Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì wò. "Ọ̀tún ni."

Rọ̀kíbátù yí ẹja padà. "Ẹ ò rí i nìyẹn."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkàn rẹ̀ ò fi balẹ̀. Bí Boris bá méfò tó sì bọ́ sí i, ṣé rẹfirí rere nìyẹn? Bóun bá fún un ní máàkì gidi, wọ́n á ní ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é. Bóun bá gé máàkì rẹ̀, ṣé iṣẹ́ lòun ṣe àbí ẹ̀rù? Níkẹyìn, ó yin Boris fún gbogbo ohun tójú òun rí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní ti pẹ́náritì, ẹnì kan dí rẹfirí lójú, òun alára kò sì rí i. Máàkì àárín ló fún un.

Madame Martine tó ń rí sí ọ̀rọ̀ rẹfirí pè é sí ọ́fíìsì. "Kí ni kí n fi ìwé yìí ṣe? A rán yín lọ wòran, ẹ ní ẹ ò rí i."

"Òótọ́ ni, Madame."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn."

Wọ́n jẹ́ kí Yẹ̀kínnì jókòó sílé fúngbà díẹ̀, kí wọ́n tó tún rán an níṣẹ́, nítorí èèyàn ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Boris náà ṣì ń fọn fèrè. Yẹ̀kínnì pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ní àdúgbò Kotto, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Boris kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì gun ọ̀kadà lọ kí Yẹ̀kínnì tó lè bi í ní nǹkan kan. Yẹ̀kínnì dúró síbẹ̀, ó ń rò ó bóyá inú ló ń bí ọmọ náà nítorí máàkì náà, àbí ó kàn ń kánjú ni.