Kọfí Ìtọrọ Nílé Àlàájì Shukri

Iṣẹ́ ẹnu ni mò ń ṣe. Àwọn kan ń fi ọwọ́ jẹun, àwọn kan ń fi orí. Ní ti èmi Rushdi, ahọ́n mi ni oko mi. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró lẹ́nu ibodè Jerúsálẹ́mù, tí n ó sì kó àwọn àlejò tó wá wòran ìlú wọ inú odi. Mò ń mú Kìrìsìtẹ́nì lọ síbi ibojì Jésù, mò ń mú àwọn Júù lọ síbi Ògiri Ẹkún, mò ń mú Mùsùlùmí tó ti òkèèrè wá lọ sí mọ́sálásí Al-Aqsa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń sunkún tí wọ́n bá débẹ̀. Èmi tí mo mú wọn débẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ni mo máa ń rò, mo sì máa ń pẹ́ dé ibi ìrun.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n orí ni. Ìtàn kan náà ni mò ń sọ lójoojúmọ́, àwàdà kan náà, ibì kan náà ni mo sì ti ń mí kanlẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn mí. Ìyá àgbà òyìnbó kan ti sùn lọ rí níbi tí mo ti ń sọ bí Sàláhùdíìnì, ọ̀gágun Mùsùlùmí ayé àtijọ́, ṣe gba ìlú. Nígbà tó jí, ohun tó bi mí ni ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ìbéèrè yẹn ni ẹlẹ́sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jọra. Mo júwe ibẹ̀ fún un, mo sì ń bá ìtàn mi lọ.

Síbẹ̀ àwọn ará ilé mi gbà pé ẹnu mi tó nǹkan. Ìdí nìyí tí Nuha, àbúrò mi obìnrin, fi wá bá mi nígbà tí ọmọ rẹ̀ Muhannad fẹ́ fẹ́ Rima, àbíkẹ́yìn Àlàájì Shukri. Ọkọ Nuha kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí. Òkúta ìkọ́lé ló ń gbẹ́. Kì í sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá kí i, ẹ̀rín ló fi ń dáni lóhùn. Ọ̀rọ̀ Rima yìí sì ti gbà á lọ́kàn débi pé oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ti wá tọrọ Rima ṣáájú wa, Àlàájì sì lé wọn bí ẹni lé adìyẹ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa gbẹnu sọ fún wa,” ni Nuha wí. “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ jù.”

“Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ̀rọ̀ jù rí? Kódà, lọ́dún tí a…”

“Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Àṣà wa kò le. Wọ́n á gbé kọfí fún agbẹnusọ, á gbé ife náà kalẹ̀ láìfẹnu kàn án, á ní àwọn ò ní mu ún àfi tí wọ́n bá fún àwọn ní ohun tí àwọn wá tọrọ. Bí onílé bá gbà, á ní, “Ẹ mu kọfí yín.” Gbogbo èèyàn á mu, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí agbẹnusọ bá mu ún kó tó tọrọ, a jẹ́ pé kọfí ló wá mu nìyẹn. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú pópó mọ èyí.

Lọ́jọ́ náà, mo ti kó àlejò kiri láti òwúrọ̀, ọ̀fun mi gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n mo wọ kóòtù, mo so táì, èmi ni mo ṣáájú Muhannad àti àwọn àgbà ẹbí gun àtẹ̀gùn dé orí òrùlé Àlàájì, níbi tí wọ́n to àga sí. Gbogbo ìlú ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa. Wọ́n gbé kọfí wá. Mo gbé tèmi kalẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo húkọ́, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

“Rushdi,” ni Àlàájì wí, “wọ́n ní amọ̀nà ni ẹ́. Àbúrò mi yìí ti Amman dé lánàá, kò tíì fojú kan ìlú yìí látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Òrùlé ràbàtà ọ̀hún yẹn, kí ni?”

Ó yẹ kí n sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì Àjíǹde ni, kí n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bi mí ní ìbéèrè kan báyìí, ó ti tán. Mo dìde, mo nawọ́, orí àwọn ọba Róòmù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ti Òrùlé Wúrà àti kálífà, olórí àwọn Mùsùlùmí ìgbà náà, tó kọ́ ọ, mo dé orí Ògiri, mo dá àwàdà mi. Ará Amman rẹ́rìn-ín, ara mi yá gágá. Níbi tí mo ti máa ń mí kanlẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rẹ́ mi tó ń ta kọfí lọ́jà máa ń ki ife bọ̀ mí lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ; ẹnu tèmi kò kọ̀. Mo mu ún tán, mo pọ́nnu lá.

Mo ní, “Kọfí yín mà dùn o, Àlàájì. Ṣé ó kù?”

Mo wo ife. Mo wo àwọn àgbà ẹbí mi. Ọ̀kan ti fọwọ́ bojú. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń tẹ́tí sí wa, ohùn Nuha ta: “Yéè! Ó ti mu ún!”

“Ó kù, ó pọ̀,” ni Àlàájì wí. “Ẹ ṣé tí ẹ wá kí wa. Èmi ti rò pé ẹ wá tọrọ nǹkan ni.”

“Àlàájì, ẹ forí jì mí, òùngbẹ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu òmíràn, màá gbé e kalẹ̀.”

“Kí o gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn tó o ti mu àmuyó? Ṣé eré ọmọdé la wá ṣe níbí ni? Kọfí ìtọrọ, ẹ̀ẹ̀kan là ń bù ú.”

“Àmọ́ ìtàn ẹ̀ dùn o,” ni ará Amman wí.

Ojú tì mí débi pé ká ní òrùlé náà lè là, ǹ bá bọ́ sínú rẹ̀. Ọmọ tí mo tọ́ ni mo ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ yìí.

Muhannad dìde. Ọkọ ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níbi ìtọrọ wa; ńṣe ló máa ń jókòó bí ẹrù. Ó gbé ife tirẹ̀ tí kò tíì fẹnu kàn, ó gbé e síwájú Àlàájì.

“Bàbá, èmi ò tíì mu tèmi,” ó ní. “Rima ni mo wá tọrọ. Ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n màmá mi. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fún àlejò nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ yẹn la fi ń jẹun nílé wa, òun ni wọ́n fi rán mi nílé ìwé. Kò sí bí ọ̀fun wọn ò ṣe ní gbẹ. Tẹ́ ẹ bá máa lé wa, ẹ lé wa nítorí tèmi, ẹ má lé wa nítorí kọfí.”

N ò gbọ́ kí ọmọ yìí sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú mi. Kò sí ohun tó wà nínú odi yìí tí n ò tíì fi han ayé, ẹni tó ń bá mi jẹun ni n ò rí.

Àlàájì yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn. “Rima, ṣé ò ń gbọ́?”

“Mò ń gbọ́, Bàbá.”

“Kí lo wá wí?”

“Bàbá, kọfí yẹn ti ń tutù.”

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Ẹ mu kọfí yín.”

Àwọn obìnrin hó yèè lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ọkùnrin tó wà lórí òrùlé gbé ife wọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà gbé tèmi. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo gbé e sẹ́nu bẹ́ẹ̀, mo sì ń ṣe bí ẹni tó ń mu.