Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Fi Ọgbọ́n Lárúbáwá Kọ

Gabon ò tíì gba òmìnira pẹ́ tí mo fi lẹ́tà kó ara mi sí wàhálà. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Mont-Bouët, gbogbo ìwé tí mo sì mọ̀ láyé ò kọjá kéwú. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, akọ̀wé kan ní èbúté Owendo ló bí i. Ọmọ ilẹ̀ wa ni bàbá náà, ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, Gẹ̀ẹ́sì sì ti gùn ún bí ẹṣin. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ọmọ òun, kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé wá.

Mo ra ìwé atúmọ̀ kan, mo jókòó tì í. Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá ò yọ mí lẹ́nu. Àwọn wẹ́wẹ́ ló fẹ́ẹ̀ pa mí: "in", "on", "at", "from". Mo ní ṣebí Lárúbáwá náà ní irú wọn, kí n kàn máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Lárúbáwá máa ń bẹ̀rù "láti ara" èèyàn ni, ìyẹn "min", mo kọ ọ́ pé "I am afraid from you." A máa ń tọrọ ìkẹ́ "lé" Ànábì "lórí", ìyẹn "alaa", mo kọ ọ́ pé "I pray on you every day." Mo wọ́n lọ́fínńdà sí i, mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́tà padà dé. Bírò pupa ti ṣá a yánnayànna. Bàbá ti ka "pray on" sí "prey on", ìyẹn kí ẹranko máa pa ẹran jẹ, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ṣé ẹkùn ni ọ́ ni, tí o fi ń pa mí jẹ lójoojúmọ́? Wá rí mi ní Sátidé."

Mo sáré lọ bá áàfáà mi. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó dìde fùú.

"Asitagafurulai! Bí o bá ń ṣàdúà fún èèyàn, 'li' ni! Ìkẹ́ Ànábì yàtọ̀! Tó o bá fi 'alaa' sí àdúà, o ti ṣẹ́ ẹ lépè nìyẹn!"

Lẹ́tà kan ṣoṣo, mo fi pa bàbá ìyàwó jẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tún fi ṣẹ́ ẹ lépè ní Lárúbáwá.

Áàfáà bá mi lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ò pẹ́ rárá tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní ẹni tó wà nínú mọ́tò, "in" ni. Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì, "on" ni.

"Ṣé orí òrùlé bọ́ọ̀sì làwọn Òyìnbó ń jókòó sí ni?" Áàfáà ló bi í bẹ́ẹ̀. "Ní tiwa, 'fii', ìyẹn 'nínú', kó mọ́tò, ó kó bọ́ọ̀sì."

"Ẹ dákun, áàfáà, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ọ̀lẹ."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, áàfáà ló ń kán mi lójú pé ká tètè lọ. Sátidé mẹ́rin gbáko, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìgbéyàwó. Inú mi ń sunkún.

Ní Sátidé karùn-ún, ọmọbìnrin náà, tó jẹ́ pé Faransé ló fi kàwé, já wọ pálọ̀.

"Papa, ẹ̀yin àti Bàbá áàfáà, ẹ jọ̀ọ́. Ní mairie tí ìjọba ti ń so èèyàn pọ̀, 'oui' nìkan, ìyẹn 'bẹ́ẹ̀ ni', la máa sọ. Kò sí 'on', kò sí 'min'."

Bàbá wo áàfáà, áàfáà wo àjà. Bàbá wá kọjú sí mi: "Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Oṣù kejì la lọ sí mairie. Áàfáà ṣàdúà tiẹ̀, bàbá náà gba àdúrà tiẹ̀. Ti bàbá gùn débi pé mo sùn lọ fọnfọn. Ìyá ìyàwó mi ló fi ìgúnpá gún mi kí n lè ṣàmín.