Etí Ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ba etí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, èmi nìyí. N ò fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n èmi ni.

Orin kéékèèké tí rédíò fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe jẹun. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é kì í ṣe dùùrù o. Àpótí kéékèèké ni wọ́n tò jọ sára ògiri yàrá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, wáyà lóríṣiríṣi sì so wọ́n pọ̀. Nítorí àwọn aládùúgbò tó ń gbá ògiri, hẹ́dífóònù ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ní, "Àbúrò, apá ọ̀tún hẹ́dífóònù yìí kì í dún o."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Rédíò ni mò ń tún ṣe, ta ni yóò kọ́ mi? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ihò ara ẹ̀rọ yín, ohùn kan ṣoṣo ló mọ̀. Ẹ wá ki hẹ́dífóònù elétí méjì bọ̀ ọ́, òsì nìkan ló máa dún. Màá jó wáyà kan fún yín tó máa pín in sí méjèèjì."

Òótọ́ ni mo sọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, mo fi lónìí-lọ́la tàn wọ́n fún ọdún méjì gbáko. Bí wọ́n bá tún ráhùn, màá ní, "Ihò náà ni jàre!" Ó ti lé lọ́dún kan tí ìyàwó wọn ń pè wọ́n lápá ọ̀tún tí wọn kì í dáhùn. A ní ìgbéraga ni. Èmi ni mo máa ń ní, "Ọ̀gá, ṣé lẹ́tà la máa kọ sí yín ká tó bá yín sọ̀rọ̀?"

Nígbà tí mo jó wáyà ọ̀hún tán, mo gbé e lọ bá wọn. Wọ́n dé hẹ́dífóònù.

"Òsì nìkan ni."

"Irọ́ ni!" Mo gbà á, mo dé e. Etí méjèèjì ń dún ketekete. Mo yí i padà, mo fi èyí tí wọ́n ń gbọ́ bọ̀ wọ́n létí ọ̀tún. Wọ́n mi orí. Wọ́n jókòó, wọn ò wo ojú mi.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà bi wọ́n pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni," wọ́n wí.

Ojú dókítà tàn. Ó ní a tètè wá, pé tí kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, oògùn lè mú un padà, àmọ́ tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé oògùn náà mì, tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó wọn pé ó ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Lánàá, ìyàwó wọn dì mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúpẹ́ pé ọpẹ́lọpẹ́ mi tí mo tètè já ìdí ẹ̀. Mo ní kò tọ́pẹ́.